Orí Keje: "Ó Wà o!" Kí Ọkọ̀ Tó Dé Ibùdó

Bí o bá wọ danfo láti Lẹ́kkí, tí o sì fẹ́ sọ̀ ní VGC, o kò ní dúró kí ẹnu ọ̀nà ẹ̀sítéètì náà dé ẹ̀gbẹ́ rẹ kí o tó lanu. Nígbà tó bá ṣì ku díẹ̀ ni wàá ti pariwo pé, "VGC, ó wà o!" Kọ̀ndọ́kítọ̀ á gbà á lẹ́nu rẹ, á fọwọ́ gbá ara ọkọ̀, awakọ̀ á gbọ́, á tẹ bíréèkì, ọkọ̀ á sì dúró síbi tó yẹ. Bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá wà, tí ọkọ̀ ń rá bí ìgbín, o lè pè é nígbà tó ku ìṣísẹ̀ mẹ́wàá péré. Ṣùgbọ́n ní ìdájí, tí títì Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́ dá páropáro, tí dírẹ́bà ń sá eré àsápajúdé, òkèèrè ni wàá ti pè é. Bí o bá pẹ́, ọkọ̀ á gbé ọ kọjá síhà Ajah, wàá sì fẹsẹ̀ rìn padà.

Nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ àtijọ́, plọ́ọ̀gì ni èrò tó ń pariwo yẹn. Písítìnì ni ọkọ̀ tó ń sáré bọ̀. Àkókò tó wà láàárín ariwo rẹ àti ìgbà tí táyà dúró, òun ni àkókò tí epo àti afẹ́fẹ́ inú ṣílíńdà fi ń jó. Ibi tó yẹ kí plọ́ọ̀gì ti pariwo ni àwọn mẹkáníìkì Èkó ń pè ní táímìn, orúkọ yẹn náà ni n ó sì máa lò nínú orí yìí.

Òwúrọ̀ Sátidé kan ni Bàbá pè mí. Ọ̀rẹ́ bàbá mi ni wọ́n, inú VGC ni wọ́n sì ń gbé láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì. Ìjàpá kan wà lábẹ́ òrùlé níwájú ilé wọn, aláwọ̀ ewé, tí wọ́n fi aṣọ bò bí ọmọ tuntun. Ìjàpá ni a ń pe Volkswagen yẹn nílẹ̀ Yorùbá nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ tó rí rúgúdú. Ti Bàbá yìí jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n tò pọ̀ ní Òjó, lójú ọ̀nà Badagry, níbi tí ilé iṣẹ́ Volkswagen of Nigeria ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1975, ọdún kan náà tí ti Peugeot bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná. Wọ́n to Passat níbẹ̀, wọ́n sì to Igala, ọkọ̀ tí àwọn ará Brazil mọ̀ sí Brasilia. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti to Ìjàpá kẹ́yìn níbẹ̀, ṣùgbọ́n títí dòní, bí o bá sọ fún kọ̀ndọ́kítọ̀ lọ́nà Badagry pé Volks ni o ti ń sọ̀, ó mọ ibẹ̀. Ọkọ̀ Bàbá ju VGC fúnra rẹ̀ lọ lọ́jọ́ orí, nítorí ẹ̀yìn 1990 ni ẹ̀sítéètì náà dé.

"Ó ń ké," ni Bàbá wí. "Bí mo bá ti tẹ̀ ẹ́ láti kúrò ní ẹnu géètì bọ́ sí títì, ó á máa ṣe ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́, bí ẹni ń mi owó ẹyọ nínú agolo mílíìkì. Ara rẹ̀ sì ń gbóná. Mo rò pé epo ìsinsìnyí ni."

Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo táímìn. Ta ló ṣe é kẹ́yìn?"

Wọ́n ní mẹkáníìkì kan ti fi etí tún un ṣe ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ibẹ̀ ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí plọ́ọ̀gì bá ti ṣáná, ńṣe ni epo inú ṣílíńdà á bú gbàù lẹ́ẹ̀kan náà, bíi bánńgà ọdún Kérésì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iná náà máa ń rìn ni. Yóò ràn ní ẹnu plọ́ọ̀gì, yóò sì máa jẹ epo lọ láti ibẹ̀ títí dé ògiri kejì, gẹ́gẹ́ bí iná ìgbẹ́ ṣe ń ti etí oko kan dé èkejì nígbà ọ̀yẹ́. Ìrìn náà yá púpọ̀, nǹkan bí ìdá méjì nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá ni, ṣùgbọ́n písítìnì kì í dúró dè é. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń mí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ní 850 yíyí láàárín ìṣẹ́jú kan, kíránkì, ìyẹn ọ̀pá tí písítìnì ń yí, á ti yí ní nǹkan bíi dígírì 5 láàárín ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Ní 3,000 yíyí, á ti di dígírì 18. Ìdí nìyẹn tí plọ́ọ̀gì fi gbọ́dọ̀ ṣáná kí písítìnì tó dé òkè téńté, tí ó sì gbọ́dọ̀ túbọ̀ tètè ṣáná bí eré bá ṣe ń pọ̀ sí i.

Ibo ló wá yẹ kí agbára iná náà ti pọ̀ jù? Ẹni tó bá ti gun kẹ̀kẹ́ mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀. Bí pẹ́dàlì bá wà lókè gangan, o lè fi gbogbo ara rẹ tẹ̀ ẹ́, kẹ̀kẹ́ kò ní lọ. Ìgbà tó bá ti ré òkè kọjá díẹ̀ ni ìtẹ̀ rẹ máa ń di ìrìn. Bákan náà ni ti písítìnì. Ẹ́ńjìnnì máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa jù nígbà tí agbára iná bá dé góńgó ní nǹkan bíi dígírì 15 lẹ́yìn òkè. Bí plọ́ọ̀gì bá tètè ṣáná jù, agbára náà á pàdé písítìnì nígbà tó ṣì ń gòkè bọ̀, wọ́n á sì máa kọlu ara wọn. Ooru àti ìfúnpọ̀ á pọ̀ débi pé epo tó kù ní kọ̀rọ̀, tí iná kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á gbiná fúnra rẹ̀ lójijì. Ìyẹn ni ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ tí Bàbá ń gbọ́. Bí a bá jẹ́ kó pẹ́ lára ẹ́ńjìnnì, ó lè lu ihò sí orí písítìnì.

Mo fẹ́ ká ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ níbí. Ní Nàìjíríà, bí ẹnìkan bá ní ẹ́ńjìnnì òun ti nọ́ọ̀kì, ohun tó ń sọ ni pé ó ti kú, kò yí mọ́. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì káàkiri àgbáyé, nọ́ọ̀kì ni orúkọ ariwo kékeré yìí, nígbà tí ohun gbogbo ṣì ṣeé tún ṣe. Nítorí pé ikú la fi orúkọ náà pè, ọ̀pọ̀ wa kì í ka ariwo náà sí títí ikú fi dé. Ẹ jọ̀wọ́, ariwo yẹn ni kí ẹ máa bẹ̀rù.

Bí plọ́ọ̀gì bá sì pẹ́ jù kó tó ṣáná, ìyà mìíràn ni. Kò ní sí ariwo, ṣùgbọ́n ọkọ̀ á di ọ̀lẹ, epo á máa tán, iná tó yẹ kó ti parí iṣẹ́ nínú ṣílíńdà á ṣì máa jó lọ nígbà tí fáàfù èéfín bá ṣí, á sì máa sun fáàfù náà. Ìjàpá kò ní omi tó ń tù ú lára, afẹ́fẹ́ láti inú fáànù nìkan ló ní. Fún un, kùtùkùtù jù àti pípẹ́ jù ń já sí ooru, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ tó bá ń gbé ní ọ̀nà Ajah yóò jókòó nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lábẹ́ oòrùn ọ̀sán bó pẹ́ bó yá.

Nígbà láéláé, ọwọ́ awakọ̀ ni iṣẹ́ yìí wà. Ford Model T, tí wọ́n ṣe láti 1908 títí di 1927, ní ọ̀pá kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíárì tí awakọ̀ fi ń sún táímìn síwájú bí eré bá ṣe ń pọ̀. Ẹni tó bá gbàgbé láti dá a padà sẹ́yìn kó tó fọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì, irin tó fi ń yí i lè ta padà kó sì ṣẹ́ ẹ lápá. Lẹ́yìn náà, Charles Kettering, ará Amẹ́ríkà, gbé ọ̀nà kan jáde tí ọkọ̀ Cadillac kọ́kọ́ lò ní 1910, tó fi bátìrì, kọ́ìlì àti kọ́ńtáàtì ṣáná. Ọ̀nà yẹn náà ló ṣì wà lẹ́yìn Ìjàpá Bàbá. Nínú dísíríbútọ̀ rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń pín iná fún àwọn plọ́ọ̀gì, àwọn òkúta irin kéékèèké méjì wà lórí sípíríǹgì. Bí eré bá pọ̀, wọ́n á fẹ̀ síta, wọ́n á sì ti táímìn síwájú láìjẹ́ pé awakọ̀ fọwọ́ kan ohunkóhun.

Kọ́ńtáàtì yìí yẹ kí ó yé wa, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ wà. Ìgbà tí kọ́ńtáàtì bá pa dé kọ́ ni iná ń ṣẹ́, ìgbà tó bá ṣí ni. Rántí kànnàkànnà tí a fi ń lé ẹyẹ lóko. Bí o bá fa rọ́bà náà, kò tíì sí ohun tó ṣẹlẹ̀, agbára lo ń kó pamọ́. Ìgbà tí o bá tú u sílẹ̀ ni òkúta ń fò. Bí kọ́ńtáàtì bá pa dé, iná bátìrì tó jẹ́ fólítì 12 á máa ṣàn gba inú kọ́ìlì, á máa kó agbára jọ. Bó bá ṣí, ìṣàn náà á já lójijì, agbára tí kọ́ìlì kó jọ á sì tú jáde ní nǹkan bíi 20,000 fólítì, á gba rótọ̀, ìyẹn apá tó ń yí nínú dísíríbútọ̀, àti wáyà lọ fo àlàfo ẹnu plọ́ọ̀gì. Ní 3,000 yíyí, ìgbà ọgọ́rùn-ún ni ó ń ṣe èyí láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Mo ṣí dísíríbútọ̀ Bàbá. Ojú kọ́ńtáàtì ti dà bí ìpẹ́ ẹja. Ọ̀sà wà lẹ́yìn VGC, òkun sì wà ní òdìkejì títì níwájú, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tutù, ó sì níyọ̀. Ọkọ̀ tí a kì í gbé jáde ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kò lè ṣàì jìyà rẹ̀. A pààrọ̀ kọ́ńtáàtì àti kọ́ńdẹ́ńsà tó ń dáàbò bo ojú rẹ̀. Mo fi fílà géèjì wọn àlàfo rẹ̀ sí mílímítà 0.4. Ẹ má fo èyí. Bí àlàfo bá fẹ̀ jù, kọ́ńtáàtì á tètè ṣí, táímìn á sì lọ síwájú. Bó bá kéré jù, á pẹ́ kó tó ṣí. Ẹni tó bá tún táímìn ṣe kó tó wọn àlàfo yóò tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà náà ni Bàbá bi mí léèrè ìdí tí mi ò fi kàn ṣí ẹ́ńjìnnì kí n sì fi etí gbọ́ ọ, bí mẹkáníìkì yẹn ti ṣe. Ìbéèrè tó dára ni, mo sì fẹ́ dáhùn rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, nítorí mo ti rí àwọn ọ̀gá tí etí wọn ń gbọ́ ohun tí ẹ̀rọ kò lè sọ. Ṣùgbọ́n etí ń tan ènìyàn nínú ọ̀ràn yìí. Bí ọkọ̀ bá dúró, tí ẹ́ńjìnnì ń mí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí o bá ṣe ń sún táímìn síwájú bẹ́ẹ̀ ni ohùn rẹ̀ á máa dùn sí i, tí yíyí rẹ̀ á máa yá sí i. Etí á ní, "Ibí ni." Ṣùgbọ́n àwọn òkúta irin inú dísíríbútọ̀ kò tíì fẹ̀. Bí ọkọ̀ bá bọ́ sí títì, tí wọ́n fẹ̀ tán, wọn yóò fi dígírì tiwọn lé orí èyí tí etí ti fi kún un, táímìn á sì kọjá ààlà. Ariwo táyà àti afẹ́fẹ́ kì í sì í sábà jẹ́ kí etí kan náà gbọ́ nọ́ọ̀kì tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀. Ohun tó dùn létí níwájú ilé ló ń pa ẹ́ńjìnnì lójú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́.

Gílóòbù kékeré fólítì 12 àti wáyà méjì tó fún iṣẹ́ yìí. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tutù. Mo fi sìpánà yí púlì jẹnẹrétọ̀ síhà tí ọwọ́ aago ń lọ, títí àmì dígírì 7.5 tó wà lára púlì ńlá fi dọ́gba pẹ̀lú ìlà tí èjìká ẹ́ńjìnnì méjèèjì ti pàdé. Mo wo rótọ̀: ó kọjú sí àmì kékeré tó wà létí dísíríbútọ̀, àmì ṣílíńdà kìíní, èyí tó wà lápá ọ̀tún, nítòsí iwájú ọkọ̀. Bí kò bá kọjú sí i, ẹ́ńjìnnì yóò tún yí ká lẹ́ẹ̀kan, nítorí kíránkì ń yí lẹ́ẹ̀mejì kí dísíríbútọ̀ tó yí lẹ́ẹ̀kan. Láti orí ìkíní, iná á kan ìkẹrin, ìkẹta, lẹ́yìn náà ìkejì, gẹ́gẹ́ bí obìnrin mẹ́rin tó ń gún iyán nínú odó kan: ọmọ-odó kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀, bí ọ̀kan bá já àyè gbà wọ́n á fi gbá ara wọn.

Mo so wáyà gílóòbù kan mọ́ ẹnu kọ́ìlì tó lọ sí kọ́ńtáàtì, mo so èkejì mọ́ ara ẹ́ńjìnnì, Bàbá sì yí kọ́kọ́rọ́ láìṣí ẹ́ńjìnnì. Mo tú nọ́ọ̀tì ìdè dísíríbútọ̀ díẹ̀. Mo yí dísíríbútọ̀ síhà tí rótọ̀ ń yí sí títí gílóòbù fi kú, ìyẹn ni pé kọ́ńtáàtì ti pa dé. Lẹ́yìn náà mo rọra yí i padà sí òdìkejì. Lójijì gílóòbù tàn. Ibi tó ti tàn yẹn gan-an ni kọ́ńtáàtì ti ṣí, ibẹ̀ ni plọ́ọ̀gì ń ṣáná. Mo di nọ́ọ̀tì náà.

Bàbá wo ibi tí dísíríbútọ̀ wà tẹ́lẹ̀ àti ibi tó wà báyìí. Ìyàtọ̀ rẹ̀ kò ju ìbú ìka kékeré lọ.

Dígírì 7.5 yìí kì í ṣe fún gbogbo Ìjàpá. Àwọn kan wà tí dísíríbútọ̀ wọn ní ihò mímu afẹ́fẹ́ méjì, tí wọ́n ń tún ṣe sí dígírì 5 lẹ́yìn òkè. Nọ́ńbà ara dísíríbútọ̀ rẹ ni kí o tẹ̀lé. Má ṣe fi ti aládùúgbò ṣe tìrẹ. Bí o bá lè rí iná táímìn, irú èyí tó ń ṣẹ́jú, fi yẹ̀ ẹ́ wò ní ohun tó lé ní 3,000 yíyí: ó yẹ kí àmì wà láàárín dígírì 28 sí 32 ṣáájú òkè fún dísíríbútọ̀ tó ń lo òkúta irin nìkan. Iná yìí ló ń sọ òótọ́ tí etí kò lè gbọ́. Ṣùgbọ́n ṣọ́ra. Bó bá ń ṣẹ́jú sórí púlì, ńṣe ni púlì á dà bí èyí tó dúró sójú kan, bẹ́ẹ̀ ló ń yí tó lè gé ìka. Bọ́ agbádá, ká ọwọ́ aṣọ sókè, má sì fọwọ́ kan wáyà plọ́ọ̀gì.

Mi ò sọ pé epo tí Bàbá fẹ̀sùn kàn kò lọ́wọ́ nínú nọ́ọ̀kì o. Epo tí ọ́kítéènì rẹ̀, ìyẹn agbára tó fi ń kọ gbígbiná fúnra rẹ̀, bá kéré máa ń tètè nọ́ọ̀kì. Nítorí èyí ni Thomas Midgley, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Amẹ́ríkà, ṣe da òjé pọ̀ mọ́ epo ní 1921, tí gbogbo ayé sì mí èéfín olóró náà sínú fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí àwọn orílẹ̀-èdè wa tó pàdé ní Dakar ní 2001 láti fòpin sí i. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2006 ni ilẹ̀ Áfíríkà tó wà ní gúúsù Sàhárà kò ti ta epo olójé mọ́. Ẹ̀rù epo tún ba wa ní 2022, nígbà tí èyí tí wọ́n kó wọlé pẹ̀lú mẹ́tánọ́ọ̀lù da ọ̀pọ̀ ọkọ̀ láàmú. Nísinsìnyí tí ilé ìfọpo Dangote wà ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí, níhà ibi tí títì tó kọjá níwájú VGC ń lọ, epo tó wà nínú Ìjàpá yìí lè má rìn jìnnà kó tó dé. Ṣùgbọ́n mo ti rí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n fẹ̀sùn kan epo lórí wọn, tó jẹ́ pé dísíríbútọ̀ ló ṣẹ̀. Yíyẹ táímìn wò kò ná ni tó owó gílóòbù kan. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù Karùn-ún 2023, kò sí ẹni tó yẹ kó máa sun epo dànù nítorí dígírì mélòó kan.

Àwọn Toyota tòkúnbọ̀ tó kún inú VGC kò mọ ìyọnu yìí. Kọ̀ǹpútà wọn ló ń tún táímìn ṣe láìdúró, wọ́n sì ní etí kan tí wọ́n dè mọ́ ara ẹ́ńjìnnì, tó ń gbọ́ nọ́ọ̀kì kí ènìyàn tó gbọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì lónìí ni kò tíì fọwọ́ kan kọ́ńtáàtì rí, mi ò sì dá wọn lẹ́bi. Àwọn ọ̀gá tó mọ̀ ọ́n ń dàgbà. Bí ọ̀kan nínú wọn bá wà ládùúgbò rẹ, lọ bá a, jókòó tì í, kí o sì kọ ohun tó bá sọ sílẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, Bàbá gbé ọkọ̀ náà jáde, mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. A gba ìhà Ajah, a lọ títí dé Ṣàngótẹ̀dó. Wọ́n pa rédíò kí a lè máa fetí sílẹ̀. Níbi tí ọ̀nà ti ṣí sílẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nínú jíà kẹta. A kò gbọ́ ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ kankan. Ní ẹ̀yìn 5,000 kìlómítà, a óò tún ṣí dísíríbútọ̀ náà láti wọn àlàfo kọ́ńtáàtì.